Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́: Àwọn Tó Rí Àṣìṣe Tí Wọ́n sì Dákẹ́

Lẹ́tà mẹ́rin ni a ó dáhùn lóṣù yìí. Ìlú tí wọ́n ti wá yàtọ̀ síra, iṣẹ́ àwọn tó kọ wọ́n kò sì jọra, àmọ́ ohun tó ń jẹ gbogbo wọn lọ́kàn ni bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò ṣe mọwọ́ ara wọn. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó, ènìyàn mọ́kànlá ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́: méjì wà nídìí kọ̀ǹpútà, mẹ́ta wà nídìí ẹ̀rọ, ẹnì kan ń gé bébà, mẹ́rin ń ká iṣẹ́ tí wọ́n sì ń dì í, obìnrin kan sì ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, oṣù kan kì í kọjá kí a má ba iṣẹ́ jẹ́. Láìpẹ́ yìí, a tẹ ẹgbẹ̀rún kan ìwé ètò ìsìnkú tí ọdún tí wọ́n bí olóògbé kò tọ̀nà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló ti rí àṣìṣe náà kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí wọ́n sì dákẹ́. Mo máa ń yọ owó iṣẹ́ tó bá bàjẹ́ kúrò nínú owó oṣù ẹni tó bà á jẹ́, kí wọ́n lè máa fojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń burú sí i. Kí ni mo lè ṣe kí wọ́n di ikọ̀ kan? (Onítẹ̀wé, Ṣómólú)

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ sì kú ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ti bẹ àwọn ẹbí olóògbé. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ kàn fẹnu bà kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ènìyàn méjì rí àṣìṣe náà, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ má tíì wá ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi ṣì í tẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń tẹ orúkọ àti ọdún láti àárọ̀ di alẹ́ tí ìka rẹ̀ kì í ṣìnà. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ìdí rẹ̀ ni pé kí ló mú kí ẹni tó rí i gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó sàn kí òun dákẹ́ ju kí òun sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sípò ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ó rí i pé bí a bá tẹ̀ lé ọdún tó wà nínú ìwé yìí, olóògbé náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ àgbà. Bí ó bá lanu, wọn yóò dá ẹ̀rọ dúró, pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ṣe yóò ṣòfò, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ̀bi, owó yóò sì jáde nínú owó oṣù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ tilẹ̀ ní òun gan-an ló jẹ̀bi nítorí pé kò tètè sọ. Bí ó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má fiyè sí i. Ta ni kò ní dákẹ́? Owó tí ẹ ń yọ kò kọ́ wọn láti fojú sílẹ̀. Ohun tó kọ́ wọn ni bí a ti í rí nǹkan kí a sì ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Yàtọ̀ sí èyí, owó yíyọ yẹn kò bófin mu. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1974 tí ó sì wà nínú àkójọ òfin ti 2004, sọ ní abala karùn-ún pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bá fa àdánù, òfin náà fàyè gbà á kí a yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Àṣà yìí ti wọ́pọ̀ ní àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké débi pé ẹni tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ gan-an kì í mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé àwọn náà ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ti Ṣómólú nìkan. Ní 1996, Amy Edmondson, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àṣìṣe tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa ń ṣe nídìí oògùn àwọn aláìsàn. Ó ti rò pé ikọ̀ tó bá mọwọ́ ara wọn jù ni àṣìṣe wọn yóò kéré jù. Òdìkejì ló bá níbẹ̀: àwọn ikọ̀ tó dára jù ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Nígbà tí ó tún tú u wò, ó yé e pé wọn kò ṣe àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ ẹ̀rù kì í bà wọ́n láti sọ ọ́, nígbà tí àwọn yòókù ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ Google náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiwọn ní 2012, wọ́n yẹ ikọ̀ bíi 180 wò láàárín ara wọn, wọ́n sì rí i pé ohun tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe ìwé ẹ̀rí àwọn tó wà nínú ikọ̀, bí kò ṣe pé ẹni tó wà níbẹ̀ lè béèrè ohun tí kò yé e, kí ó sì gbà pé òun ṣìṣe, láìsí pé wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó sún mọ́ tiyín jù, lójú tèmi, ni ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tó wà ní Fremont, ní Kalifóníà. General Motors ti ibẹ̀ pa ní 1982, nígbà tí àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kò rí ara wọn sójú mọ́ tí ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ sì ń bọ̀ pẹ̀lú àléébù. Ní 1984, General Motors àti Toyota jọ ṣí i padà, púpọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ sì jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Toyota na okùn kan sókè ibi tí ọkọ̀ ti ń kọjá láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá rí àléébù fà á. Bí ó bá ti fà á, olórí ikọ̀ rẹ̀ yóò sáré wá láti ràn án lọ́wọ́, bí wọn kò bá sì rí i tún ṣe lásìkò, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró. Nílé iṣẹ́ àtijọ́, ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró ti wá ẹjọ́. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ibẹ̀ fi wà lára àwọn tó dára jù lọ nínú ohun tí General Motors ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn kan náà ni o.

Kí ni yóò wá jẹ́ okùn tiyín? Ẹ pe gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé owó yíyọ ti parí, pé ẹ̀yin lẹ ṣì í ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò wúwo lẹ́nu yín, nítorí pé a kì í sábà gbọ́ kí ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin tí ẹ ni iléeṣẹ́ kò bá lè sọ pé ẹ ṣìṣe, ẹ kò lè retí pé kí ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ yín kọ́kọ́ sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ní ìwé kan tí yóò máa bá a rìn láti orí tábìlì obìnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di iṣẹ́. Iye tí oníbàárà fẹ́, irú bébà, àwọ̀, àti ọjọ́ tí yóò wá gbà á ni kí ó wà lára rẹ̀, kí ẹni tí iṣẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ sì máa fọwọ́ sí i. Kí oníbàárà náà fọwọ́ sí ẹyọ kan tí ẹ bá tẹ̀ fún un wò kí ẹ tó ṣe pléètì. Ní ti orúkọ àti ọjọ́, tó jẹ́ pé òun ló ń kó onítẹ̀wé sí wàhálà jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tún jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú ẹni kì í tètè rí àṣìṣe ọwọ́ ẹni. Kí ẹnì kan máa ka ohun tí oníbàárà kọ sókè ketekete, kí ẹlòmíràn sì máa fi ìka tọ ti orí bébà yín. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú ẹgbẹ̀rún kan kì bá tí ṣòfò.

Ẹ tún jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó dé lánàá, lè ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò dá a dúró lórí iṣẹ́ kánjúkánjú, tí ẹ ó sì rí i pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ojú yín ni gbogbo wọn yóò máa wò. Bí ẹ bá pòṣé lásán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò tún dá ẹ̀rọ dúró mọ́. Bí ẹ bá ní "O ṣeun tí o yẹ̀ ẹ́ wò", tí ẹ sì tan ẹ̀rọ padà, ẹ ti na okùn náà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ tó láti mọ iṣẹ́ tí yóò jáde lónìí, ibi tí ó dé, àti ohun tó lè dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa ló ti ń pàdé fún àdúrà ní àárọ̀, ẹ lè so ó mọ́ ọn, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi àdúrà bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá gbàdúrà pé "Olúwa, gbà wá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ń ba iṣẹ́ jẹ́" níṣojú rẹ̀ kì í ṣe àmín látọkàn wá. Bákan náà, bí ẹnì kan bá gbà yín níyànjú pé kí ẹ dá ẹ̀wù kan náà fún wọn, tàbí kí ẹ kó wọn lọ sí etíkun lọ jẹun kí wọ́n lè di ọ̀kan, kò burú, ẹ ṣe é bí owó bá wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù yín ń bà ní Ṣómólú yóò máa bẹ̀rù yín létí òkun pẹ̀lú.

Ní oṣù àkọ́kọ́, yóò dà bíi pé àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ má fòyà. Àwọn tí wọ́n ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jáde síta.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 29 ni mí, iléeṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Òṣogbo ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá wa ti fi mí ṣe alábòójútó àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì tó bí mi lọ́mọ. Bí mo bá ní kí wọ́n fọ ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní "Ọmọ wa ti dọ̀gá." Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ṣe kúnlẹ̀ kí wọn mọ́, pé ìkúnlẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa fojú di mí. Ṣé òótọ́ ni? (Alábòójútó, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ máa kúnlẹ̀ yín lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọn kò fọ̀ yóò kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rọ́pò rẹ̀, wọn yóò sì rí ẹni gbè wọ́n lẹ́yìn nínú àti lóde iléeṣẹ́. Ọjọ́ orí ló ni ìkíni, ipò ló sì ni àṣẹ iṣẹ́. Ẹ lè kúnlẹ̀ kí bàbá kan ní aago méje, kí ẹ sì sọ fún un ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kò ní tan ẹ̀rọ yìí títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́," láìjẹ́ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Ibi tí mo fura sí ni ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín. Ẹ kò sọ fún wa bóyá ó kéde yín níwájú àwọn ọkùnrin náà, tàbí ńṣe ló kàn pè yín sínú ọ́fíìsì tí ó sì sọ fún ẹ̀yin nìkan. Bí ó bá jẹ́ èkejì ni, ó fi yín joyè láìja ewé akòko lé yín lórí, ta ni yóò sì ká yín sí ìjòyè? Ẹ lọ bá a, kí ẹ ní kí ó wá sí ìdí ẹ̀rọ, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo yín, kí ó sì sọ ohun tí ẹ lè pinnu láìbi òun. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gba ẹ̀yìn yín lọ bá a, kí ó dá a padà sọ́dọ̀ yín. Alábòójútó tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn kò lè darí ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ní òun nìkan, kí ẹ sì bi í ní ohun tí ẹ kò mọ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi inú ọ̀rá a máa fi ọwọ́ àti etí mọ ìgbà tí iná ẹ̀rọ kò mú ọ̀rá lẹ̀ dáadáa mọ́, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò nínú àpò. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé yín. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn àgbà sábà máa ń rántí, ẹ̀yin lè fi ọgbọ́n rán wọn létí ìlàjì kejì. Ẹ fi kíkọ́ àwọn tuntun lé bàbá yìí lọ́wọ́, kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ìgbà tí òun náà bá ń kọ́ ọmọ tuntun pé a gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀rọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kò ní lè máa fi ẹ̀yin rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ fífọ ẹ̀rọ bí ẹni pé ìfẹ́ inú yín ni. Omi tí àwọn ọmọdé yóò mu ni, àjọ NAFDAC sì lè wá yẹ ibẹ̀ wò. Ẹni tó bá ṣì kọ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fún ọ̀gá yín ní ẹ̀dà kan. Ní gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe bá àgbàlagbà wí lójú àwọn àbúrò rẹ̀, nítorí pé bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ̀bi, kò ní lè gbà lójú wọn.

Ìbéèrè: Oúnjẹ òde àríyá ni mo ń sè ní Ìbàdàn. Nígbà tí a jẹ́ márùn-ún, a máa ń parí iṣẹ́ lásìkò. Ní báyìí tí a ti di mẹ́rìnlá, alẹ́ ń lẹ́ bá wa nídìí ìkòkò. Ṣé kí n tún gba ènìyàn kún un? (Ìyá olóúnjẹ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má gba ẹnikẹ́ni kún un. Max Ringelmann, ará ilẹ̀ Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọn agbára àwọn ènìyàn tó ń fa okùn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1913. Nígbà tí ènìyàn mẹ́jọ jọ fà á, agbára tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì ohun tó lè fà bí ó bá dá wà. Wọn kò fà á lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù sì lè máa rò pé àwọn yòókù ń fà á.

Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyí tí àáró fi yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó se oúnjẹ fún wọn, ẹni tó bá wá ti wá. Nínú àáró, oko tìẹ lónìí, oko tèmi lọ́la, olúkúlùkù ló sì ní poro tirẹ̀ tí yóò kọ, tí ojú gbogbo ènìyàn yóò fi rí ẹni tó kẹ́yìn. Ilé ìdáná yín ti di ọ̀wẹ̀. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin: àwọn kan ló ni ìrẹsì, àwọn kan ló ni ẹran àti ọbẹ̀, àwọn kan ló ni mọ́ínmọ́ín àti èlùbọ́, àwọn tó kù ló ni àwo àti bíbu oúnjẹ. Kí ìdí kọ̀ọ̀kan ní olórí kan, kí ẹ sì sọ aago tí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ jinná. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má ṣe di ìdí kankan mú. Ẹ máa rìn káàkiri.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í tètè dé, àwọn yòókù sì ti ń wò ó kọ́ṣe. Bí mo bá lé e, ọ̀rọ̀ yóò di ti ẹbí. (Oníṣọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Àwọn yòókù kò wo ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kọ́ṣe, ẹ̀yin ni wọ́n ń wò. Ẹ sọ fún un pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìwé tí àwọn yòókù ń kọ aago tí wọ́n dé sí ni òun náà yóò máa kọ, kí ẹ sì fún un ní oṣù kan. Bí kò bá yí padà, ẹ tẹ̀ lé òfin iṣẹ́ tí mo mẹ́nu bà lókè: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni; ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan; gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ní ti ẹbí, ẹ lọ rí ẹ̀gbọ́n yín nílé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ẹ fún ọmọ náà, kì í ṣe ní ìparí rẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ máa jí i ní aago márùn-ún àárọ̀.